Ìjọba àti Báńkì: Ta Ni Yóò Pariwo Olè?

Ní ayé àtijọ́, bí olè bá wọ ọjà Ìkàrẹ́ tàbí ọjà Ọ̀kà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i kò ní dúró ronú bóyá ariwo òun yóò lé oníbàárà sá. Yóò figbe ta pé "Olè!", ẹni tí ó wà ní ìsọ̀ kejì yóò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí tí igbe náà yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ọjà kí olè fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Kì í ṣe agbára ẹnì kan ni ó ń dáàbò bo ọjà. Igbe tí ó yára ju ẹsẹ̀ olè lọ ni.

Ọjà òde òní ti wọ inú fóònù. Olè ibẹ̀ kò nílò ẹsẹ̀, ó lè wà ní ìlú mìíràn tàbí ní òkè òkun kí ó sì kó owó ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìfira-Àkókó. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé bí olè ti ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni igbe ń kú lọ. Báńkì tí olè jà ń pa ẹnu mọ́ nítorí orúkọ rẹ̀. Ìjọba ń dúró kí ẹjọ́ wá bá a. Oníbàárà nìkan ni ó ń dá ké, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó àti Àbújá nìkan ni èyí. Nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà, tí owó tuntun sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ohun tí ojú rí láti oṣù Kìíní títí di oṣù Kẹta ọdún 2023. Owó di ohun àwátì. Àgbẹ̀ tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun mìíràn ju owó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà lọ wá di ẹni tí ń gba owó kòkó sórí fóònù. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023 pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún náà yóò fi parí, owó sì padà bọ̀ sí ìgboro. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìṣòro ti tì wọ inú ọjà orí fóònù kò jáde mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Àkókó lónìí, ìsọ̀ oní-POS ni báńkì tí ó súnmọ́ ènìyàn jù lọ. Ìjọba ni ó ti àwọn ènìyàn wọlé, báńkì ni ó sì ń jèrè wíwọlé wọn. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jẹ gbèsè ààbò wọn.

Kí òǹkàwé wá fi ojú inú wo àgbàlagbà kan ní Ìfira-Àkókó, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹni tí ó pè é mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ báńkì rẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ kí i: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Báńkì yín ni a ti ń pè. Káàdì yín fẹ́ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín." Bàbá kà á. Kí ó tó wá awò ojú rẹ̀ láti wo álàátì tí ó tẹ̀lé e, owó ti kúrò ní báńkì rẹ̀ bọ́ sí báńkì kejì, ó ti pín sí mẹ́ta níbẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tí olè bẹ̀ lọ́wẹ̀ sì ti ń gbà á jáde lọ́dọ̀ oní-POS ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

Báńkì tirẹ̀ sọ fún un pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Báńkì kejì ní kí ó mú àṣẹ ilé-ẹjọ́ wá kí àwọn tó lè fọwọ́ kan àkáǹtì ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ fóònù ní ọ̀rọ̀ owó kò kan àwọn. Àgọ́ ọlọ́pàá ní ìlú mìíràn ni ọ̀daràn náà wà. Bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀ ti wí. Àlàfo tí ó wà láàárín ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì ni olè gbà kọjá. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Àlàfo yìí ni ẹnu tí ògiri là.

Kì í ṣe mẹ̀kúnnù nìkan ni àlàfo yìí ń pa lára. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ inú ẹ̀rọ báńkì àgbà ti orílẹ̀-èdè Bangladesh. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4, ni wọ́n yàn, nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsinmi ní orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n fi orúkọ báńkì ọ̀hún ránṣẹ́ sí New York níbi tí owó wà, wọ́n ń béèrè owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí Bangladesh yóò fi jí lójú oorun, New York ti wà nínú ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ìyẹn yóò fi parí, ọjọ́ Ajé jẹ́ ọjọ́ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, wọn kò sì ṣiṣẹ́ ní Philippines tí owó ti gbà lọ. Wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí báńkì tí ó gba owó náà pé kí ó dá a dúró; ìsinmi ni iṣẹ́ náà bá nílé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, owó ń jáde lọ. Mílíọ̀nù 81 dọ́là ni ó bá ibẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù 20 tí ó gba Sri Lanka lọ ni wọ́n rí gbà padà, nítorí pé olè kò mọ ọ̀rọ̀ kan kọ dáadáa, òṣìṣẹ́ báńkì kan sì fura tí ó béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó bọ́ sí àsìkò gba mílíọ̀nù 20 là. Igbe tí kò bá etí nílé sọ mílíọ̀nù 81 nù.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ààbò orí ẹ̀rọ ayélujára kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ pé ta ni ó ń gbọ́ igbe ta, àti pé báwo ni ó ṣe ń yára dáhùn, ni.

Orílẹ̀-èdè yìí kò ṣàì ní òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára. Òfin náà sọ pé bí wọ́n bá kọlu ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, dandan ni kí ilé-iṣẹ́ náà sọ fún ngCERT, ìyẹn ẹ̀ka tí ó wà lábẹ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò, kí wọ́n lè kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà ní ọdún 2024, ọjọ́ méje di wákàtí 72. Ìtẹ̀síwájú ni èyí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé pé wákàtí 72 jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó tó láti kìlọ̀ fún aládùúgbò kí olè má baà kàn án. Kò tó láti gba owó bàbá olùkọ́ tí ó ti kọjá báńkì méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn báńkì a máa sọ pé bí àwọn bá ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí olè bá kan ilẹ̀kùn, àwọn oníbàárà yóò sá. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kò kún ojú òṣùwọ̀n. Òfin kò ní kí báńkì lọ kígbe sínú ìwé ìròyìn. Ó ní kí ó sọ fún àwọn tí ó ń ṣọ́ ọjà. Bí báńkì kìíní bá dákẹ́ nípa ọgbọ́n tuntun tí olè lò, ọgbọ́n kan náà ni olè yóò gbé lọ sí báńkì kejì ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ìdákẹ́ tí ó dàbí ààbò fún ẹnì kan ti di ìpalára fún gbogbo ọjà.

Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ àti ìjọba kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Láti ọdún 1993 ni àwọn báńkì àti CBN ti jọ dá ilé-iṣẹ́ NIBSS sílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì jọ ni ín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó ń gbà kọjá láti báńkì kan sí èkejì lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014, CBN àti àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ ètò BVN, nọ́ńbà 11 tí ó so ìka ọwọ́ àti ojú ènìyàn mọ́ gbogbo àkáǹtì rẹ̀, kí ẹnì kan má baà jẹ́ Àjàyí ní báńkì kan kí ó sì jẹ́ Bello ní òmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba ní kí wọ́n so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù. Àwọn ènìyàn tò lórí ìlà nínú oòrùn nítorí méjèèjì. Bí owó bá lè rin láti Ìkàrẹ́ dé Kano ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ni kò jẹ́ kí igbe rin ní ọ̀nà kan náà? Ọ̀nà wà. Ìfẹ́ láti jọ ru ẹrù ni kò tí ì tó.

Àìtó náà fara hàn gbangba ní ọdún 2024. Òfin 2015 ti sọ pé kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ààbò orí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò máa dá owó sí i: àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn báńkì, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti ọjà ìpín ìdókòwò. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, CBN kọ ìwé sí àwọn báńkì pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ àádọ́ta kọ́bọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́. Wọ́n yọ owó oṣù àti àwọn nǹkan mìíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì oníbàárà ni wọ́n ní kí wọ́n ti mú un. Ìyáálọ́jà ní Ìkàrẹ́ tí ó bá fi igba ẹgbẹ̀rún náírà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń kó ọjà fún un yóò san ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí owó tí báńkì ti ń yọ tẹ́lẹ̀. Ẹrù tí òfin fi orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dì, orí mẹ̀kúnnù ni wọ́n gbé e kà.

Ariwo sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù kan náà, CBN kọ ìwé mìíràn láti fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ pé owó orí ti lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn béèrè nígbà náà kò jáde tó: bí oníbàárà bá san owó náà, tí olè sì tún jà á, ta ni yóò dá owó rẹ̀ padà fún un? Ìwé CBN kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìjọba àti báńkì bá fohùn ṣọ̀kan lórí gbígba owó, tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ríru àdánù, kì í ṣe ààbò. Àjọgbé lásán ni.

Ibòmíràn ti ń ṣe é dára ju báyìí lọ. Ní Bìrìtéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Àkókó ń gbé tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Bí oníjìbìtì bá tan ènìyàn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó sínú àkáǹtì rẹ̀ nílẹ̀ náà, báńkì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà, títí dé ẹgbẹ̀rún 85 pọ́n-ùn. Báńkì tí owó ti jáde yóò san ìdajì, báńkì tí owó wọ̀ yóò san ìdajì. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìdajì kejì yẹn. Báńkì tí ó ń ṣí àkáǹtì fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè ẹni tí ó jẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè, nítorí pé àpò tirẹ̀ ni àdánù yóò ti jáde. Ní Singapore, tí àwọn ọlọ́pàá ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún jìbìtì láti ọdún 2019, òṣìṣẹ́ àwọn báńkì ńlá wá jókòó ti ọlọ́pàá nínú ọ́fíìsì kan náà. Bí igbe bá dé, ẹni tí ó lè dá owó dúró wà ní àga kejì. Kò sí pé kí oníbàárà máa rin ìrìn àjò láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì.

Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Bí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń kó àṣírí ènìyàn jọ sí ojú kan, ta ni yóò ṣọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọjà? Ní ọdún 2024 kan náà, ìròyìn jáde pé àwọn kan ń ta NIN àti àkọsílẹ̀ ara ẹni àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rùn-ún náírà péré. Àjọ NIMC tí ó ń ṣe ìtọ́jú NIN sọ pé ẹnikẹ́ni kò fọ́ ìṣúra àwọn. Ibi yòówù kí ó ti jò, ẹni tí ó bá ra irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò mọ orúkọ bàbá olùkọ́ wa kí ó tó pè é. Bákan náà, apá kan nínú òfin 2015 gbòòrò débi pé wọ́n ń lò ó láti mú àwọn oníròyìn. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ní kí Nàìjíríà tún un ṣe, àtúnṣe 2024 sì dín in kù. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí olè kò gbọdọ̀ di pàṣán fún ẹni tí ó sọ òtítọ́. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 wà fún irú èyí. Kí wọ́n lò ó fún ilé-iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lò ó fún aládàáni.

Owó tí ènìyàn gbé lọ sí báńkì, ohun àfipamọ́ ni. Nọ́ńbà àti ìka ọwọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún ìjọba, ohun àfipamọ́ ni. Gbogbo Mùsùlùmí ni ó mọ bí ẹrù ohun àfipamọ́ ti wúwo tó lọ́dọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ fún ara ẹni pé oríṣi méjì: èyí tí Ó pa láṣẹ lórí rere, àti èyí tí Ó kọ̀ lórí ìrẹ́jẹ. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí wọ́n fi wọn àdéhùn ìjọba àti báńkì nìyẹn.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ṣe. Èkíní ni pé kí nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo wà fún gbogbo báńkì, tí ènìyàn lè pè ní alẹ́, ní ọjọ́ Àìkú àti ní ọjọ́ ọdún, kí báńkì tí owó wọ̀ sì lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó dé. Ìkejì ni pé kí báńkì méjèèjì jọ ru àdánù bí ẹ̀bi kò bá jẹ́ ti oníbàárà, kí ilé-iṣẹ́ fóònù náà sì dá tirẹ̀ bí ó bá gbé nọ́ńbà ẹni fún olè. Ìkẹta ni pé bí wọ́n bá tún fẹ́ gba owó ààbò, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin dárúkọ san án láti inú èrè wọn, kí wọ́n sì máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ kù fún àwọn ará ìlú náà. Olè kò lè gba owó sínú afẹ́fẹ́. Àkáǹtì ọmọ ẹnì kan ni ó ń gbà á sí. Ọmọ tí ó bá yá ọ̀rẹ́ ní káàdì ATM nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ti di ẹni tí ń gba epo lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e lájà, àwọn àgbà sì ti sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni olè jù. Kí òbí máa béèrè ibi tí owó ti wá. Kí oní-POS fura sí àjèjì tí ó fẹ́ gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà lórí káàdì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ sì máa sọ fún àwọn àgbà ní gbogbo ìgbà pé báńkì kì í pe ènìyàn láti béèrè nọ́ńbà àṣírí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Báńkì ni ó mọ ibi tí owó gbà. Ìjọba ni ó ní àṣẹ láti mú ẹni tí ó gbé e. Bí àwọn méjèèjì bá ń dákẹ́ sí ara wọn, bàbá olùkọ́ ní Ìfira-Àkókó yóò máa dá ké lọ. Olè kò bẹ̀rù ilẹ̀kùn irin. Ọjà tí ó ń gba igbe ara rẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Kí Ọlọ́run fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ sí ọkàn gbogbo ẹni tí wọ́n fi ohun ìní ẹlòmíràn sí ìkáwọ́ rẹ̀.